Ìbéèrè Yín: Ṣé Bọ́ọ̀sì Ará Ìlú Lè Fi Lọ́ńdọ̀nù Hàn Mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo fẹ́ lo ọjọ́ díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri ti wọ́n jù fún mi. Ǹjẹ́ bọ́ọ̀sì tí ará ìlú ń wọ̀ lè gbé mi dé àwọn ibi ìtàn?

ÌDÁHÙN: Ó lè gbé yín débẹ̀ dáadáa, òun gan-an ni mo sì fara mọ́ jù. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì Nọ́ńbà 15 ní Trafalgar Square, kí ẹ gun àjà òkè rẹ̀, nítorí alájà méjì ni, kí ẹ sì jókòó síwájú pátápátá, nítorí láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Fleet Street, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pọ̀ sí nígbà kan, àti òrùlé rìbìtì ti ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, èyí tí ayàwòrán-ilé Christopher Wren yàwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tí iná ńlá ọdún 1666 ti jó ti àtijọ́ run, kí ọkọ̀ tó gbé yín dé Tower of London, odi tí Ọba William bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lẹ́yìn tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066.

Awakọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ èrò. Káàdì Oyster, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń kó owó ọkọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí káàdì báńkì ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá awakọ̀, nígbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan, £1.75 ni wọ́n ń gbà ní ọdún 2025. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ kan án, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láìsan kọ́bọ̀ kún un, bí ó bá ṣe pé káàdì kan náà ni ẹ lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra fún àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí èrò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.