Rọ́bà táyà lára ọ̀dà mọ́tò: báwo la ṣe ń yọ ọ́ láì ba ọ̀dà jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, táyà tírélà kan bẹ́ níwájú mi ní Odógunyàn, àwọn ègé rẹ̀ sì fò lu mọ́tò mi. Tòkunbọ̀ ni, búlúù ni àwọ̀ rẹ̀. Ìlà dúdú wà lára fẹ́ńdà ọ̀tún àti ilẹ̀kùn iwájú, ọṣẹ kò sì mú un kúrò. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan náà ti fi táyà ha bọ́ńpà ẹ̀yìn mi ní gáréèjì. Ọmọ tó ń bá mi fọ mọ́tò ní òun fẹ́ fi bẹntiróòlù àti sáńpéépà nù ún. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Ẹ má gbà rárá. Bẹntiróòlù máa ń gbẹ kí rọ́bà tó rọ̀, ó sì lè gbiná mọ́ ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́. Sáńpéépà ní tirẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rọ́bà àti ọ̀dà.

Rọ́bà yẹn kò wọnú ọ̀dà, orí rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́. Nígbà tí táyà bá ha ara mọ́tò, ibẹ̀ á gbóná, ojú rọ́bà á rọ̀, á sì lẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú èédú lúbúlúbú tí wọ́n fi ṣe táyà. Èédú yẹn ló ń dúdú. Ohun kan náà ló máa ń ṣe mọ́tò àwọn tó ń sá eré ìje lórí pápá, àfi pé táyà tiwọn rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ rẹpẹtẹ sẹ́yìn ẹsẹ̀ mọ́tò. Ti tírélà ní ewu tirẹ̀: wáyà irin wà nínú rẹ̀, wáyà náà sì lè ti ya ọ̀dà lábẹ́ dúdú tẹ́ ẹ̀ ń wò.

Ẹ fọ ibẹ̀ ná, lábẹ́ ibòji, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí ara mọ́tò ti tutù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ máa lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ ìfọkọ̀, ọ̀kan fún omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan fóòmù. Iyanrìn tó bá kù lórí ọ̀dà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ha á nígbà tẹ́ ẹ bá ń nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná gba orí ìlà dúdú kọjá. Bó bá yọ̀ lọ, rọ́bà lásán ni. Bó bá kọ́ èékánná, ọgbẹ́ ni, ti pẹ́ńtà nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo páìpù bíréèkì lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ojú rédíétọ̀ pẹ̀lú. Ègé táyà tírélà wúwo, èyí sì ṣe pàtàkì ju ẹwà mọ́tò lọ.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn, wọ́n fi iná yan án ni, kì í tètè yọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti tún kùn níbí. Bí pẹ́ńtà kò bá po hádínà, èròjà tó ń mú ọ̀dà le, mọ́ ọ̀dà náà, gbígbẹ lásán ló gbẹ, tínà tí wọ́n fi pò ó á sì tún yọ́ ọ padà. Ẹ má jẹ́ kí tínà dé ara mọ́tò yín. Bí ọ̀dà náà kò bá tíì pé oṣù kan, ẹ má fi ohunkóhun ju omi ọṣẹ lọ kàn án.

White spirit, omi bíi kẹrosíìnì tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, tàbí tar remover, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà dúdú ojú títì lára mọ́tò, ló dára jù. Bí kò bá sí, kẹrosíìnì tó mọ́ gaara lè ṣe é. Nǹkan bí 100 ml tó fún fẹ́ńdà kan. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní etí ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà náà gan-an. Àwọn kan máa ń dán an wò nínú ọmọrí ojú epo, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti tún fẹ́ńdà kùn. Bí aṣọ funfun bá mú àwọ̀ búlúù, ẹ dáwọ́ dúró.

Bí kò bá mú àwọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí iná, ẹ rẹ tówẹ̀lì rírọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lé orí ìlà náà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má kánjú. Rọ́bà táyà kì í yọ́ bí iyọ̀ nínú omi. Wíwú ló máa ń wú, ibi tó ti dìmọ́ ọ̀dà á sì tú. Ẹ wá nù ún jẹ́jẹ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ yí tówẹ̀lì sí ojú tó mọ́, ẹ tún gbé e lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lè tó. Ẹ̀rọ̀ lẹ fi ń ṣe é, kì í ṣe agbára. Ẹ má jẹ́ kó kan gíláàsì iná iwájú, torí ike ni, ó lè sán tàbí kó ṣú. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sì sá tówẹ̀lì síta kó gbẹ, kó má sún mọ́ ibi ìdáná.

Èyí tó bá ṣì ṣẹ́kù bí òjìji, ẹ lo clay bar, amọ̀ rírọ̀ kan tí wọ́n fi ń yọ ìdọ̀tí lára ọ̀dà. Síbí kékeré ọṣẹ olómi kan nínú omi lítà kan ni kẹ́ ẹ máa fi rẹ ibẹ̀. Bí amọ̀ náà bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù. Iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kọ́ńpáùn, ìpara tí wọ́n fi ń ha ojú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ kó lè dán; èyí tí kò le púpọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ìpele kílíà tó ń dán lórí ọ̀dà sábà máa ń jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 35 sí 50, kò ju ìdajì nínípọn bébà tí a fi ń tẹ̀wé lọ, gbogbo kọ́ńpáùn ló sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ lo èyí tó tó ẹ̀wà méjì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ fà á lọ fà á bọ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹ nù ún, ẹ wò ó. Ẹ yẹra fún etí fẹ́ńdà àti etí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ẹ wá fi wáàsì, ìpara tó ń dáàbò bo ọ̀dà, pa á, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti lò yìí ti bó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti kẹ̀kẹ́ lára bọ́ńpà, ìlànà kan náà ni níbi tí wọ́n bá kùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọ̀ ìlà náà dáadáa: táyà kẹ̀kẹ́ ń fi dúdú sílẹ̀, ara kẹ̀kẹ́ ló ń fi yẹ́lò sílẹ̀. Yẹ́lò yẹn, ọ̀dà ni, white spirit lè má ràn án. Kọ́ńpáùn ló ń yọ ọ́. Níbi tí bọ́ńpà bá jẹ́ ike dúdú tí wọn kò kùn, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Bí kọ́ńpáùn bá wọ ojú ike bẹ́ẹ̀, á gbẹ síbẹ̀ ní funfun, yíyọ rẹ̀ sì le ju ti rọ́bà lọ.