Kí o tó gbin àgbàdo ìwádìí rẹ, bi onílẹ̀ léèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Àbúrò mi, o ní o ti gba ìwé ìwọlé láti kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ìgbẹ́ adìẹ àti ajílẹ̀ òyìnbó lórí àgbàdo ni o fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, o sì ń béèrè bóyá inú ike ni kí o gbìn ín sí tàbí inú oko, àti irú irúgbìn tí ó yẹ kí o rà. Ti irúgbìn lè dúró ná. Oko ni kí o lò, nítorí ilẹ̀ inú ike ti di ilẹ̀ tí a sẹ́ tí a sì pò pọ̀, gbòǹgbò kò sì ráyè rìn nínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ilẹ̀ àti gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye àgbàdo tí àgbẹ̀ Ìrèsà yóò kó wọlé lórí hẹ́kítà kan. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ṣíwájú ni ilẹ̀ oko náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó gba odindi ọdún kan lọ́wọ́ mi.

Ìwádìí tèmi kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí o fẹ́ ṣe. Nǹkan márùn-ún ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: púlọ́ọ̀tì tí a kò fi ohunkóhun sí, èyí tí ó gba NPK 15-15-15 (ajílẹ̀ òyìnbó tí nàìtírójìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 15 nínú 100), èyí tí ó gba tọ́ọ̀nù 5 ìgbẹ́ adìẹ lórí hẹ́kítà, èyí tí ó gba tọ́ọ̀nù 10, àti èyí tí ó gba àbọ̀ ajílẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú àbọ̀ ìgbẹ́ adìẹ. Mo ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì jẹ́ púlọ́ọ̀tì 15 ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, tí nǹkan márààrún wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo rí ilẹ̀ yá lójú ọ̀nà Ìrèsà, ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí kò ní kùkùté, tí tirakítọ̀ sì ti tú kí n tó dé ibẹ̀. Lójú mi, ilẹ̀ kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bu díẹ̀ níhìn-ín, mo bu díẹ̀ lọ́hùn-ún, mo pò gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, mo sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, ó sì fi hàn pé ilẹ̀ náà ti ṣá, pé nàìtírójìn inú rẹ̀ kéré gan-an. Inú mi dùn, nítorí ilẹ̀ tí ó ti ṣá ni ẹni tí ó fẹ́ dán ajílẹ̀ wò ń wá kiri.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn tí a gbin àgbàdo ni ọ̀ràn yọjú. Púlọ́ọ̀tì tí a kò fi nǹkan kan sí nínú ọ̀wọ́ kejì dúdú minimini, igi rẹ̀ ki pọ́pọ́, nígbà tí èyí tí ó jẹ NPK nínú ọ̀wọ́ kẹta ti ń pọ́n láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀, tí pípọ́n náà sì ń gba àárín ewé wọlé bí lẹ́tà V, èyí tí í ṣe àmì ebi nàìtírójìn. Mo pe ọmọkùnrin tí ó bá mi da ajílẹ̀, mo sì bá a wí kíkan-kíkan pé ó ṣi púlọ́ọ̀tì. Ó ní òun kò ṣì í. Gíráàmù 480 NPK ni púlọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ mítà 4 ní gígùn àti mítà 3 ní ìbú gbà kí ó tó lè rí kílò 60 nàìtírójìn lórí hẹ́kítà, èmi fúnra mi ni mo sì wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kékeré mẹ́ta. Ọmọ náà lọ mú àwọn òfìfo ọ̀rá mẹ́ta náà wá láti ìdí igi níbi tí ó kó wọn sí, nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì tí mo kọ sí ara wọn kò sì tíì parẹ́. Ojú tì mí.

Bàbá tí ó ni ilẹ̀ ni ó tú u fún mi. Ó ń kọjá lọ sí ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró, ó wo àgbàdo náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ààtàn ìyá wa àgbà lẹ gbin èyí sí.” Ó fi ẹnu àdá wa ilẹ̀ láàárín poro, kò tíì wa á jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tí àpáàdì fi yọ, lẹ́yìn náà èédú, lẹ́yìn náà egungun ẹran wẹ́wẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dú bí ìdí ìkòkò. Abúlé wọn ni ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí ẹ̀bá títì. Eérú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èèpo iṣu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n dà síbẹ̀, eérú sì ń pa kíkan ilẹ̀, ó ń fi pọ̀táṣíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kì í sábà rìn kúrò níbi tí a bá dà á sí, ó lè wà níbẹ̀ títí di ayé àwọn ọmọ-ọmọ. Ọ̀rá kan tí mo pò gbogbo ilẹ̀ sí ni ó bo ààtàn náà mọ́ mi lójú.

Mo rò pé mo lè yọ ọ̀wọ́ kejì kúrò kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n alábòójútó mi ní kí n jókòó kí n ṣírò rẹ̀. Bí a bá dán nǹkan márùn-ún wò ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, 8 ni degrees of freedom (iye ẹ̀rí tí ìṣirò ní láti fi mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tí a rí jẹ́ òótọ́ tàbí èèṣì) tí ó kù fún díwọ̀n àṣìṣe; bí ọ̀wọ́ kan bá bàjẹ́, ó di 4, kò sì sí ohun gidi tí ènìyàn lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú 4. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ìbá dára, torí 12 ni yóò fún ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé kí ó dín iye nǹkan tí ó ń dán wò kù dípò kí ó dín ọ̀wọ́ kù. N kò lè tún púlọ́ọ̀tì kan náà lò, nítorí ajílẹ̀ ti wọ inú wọn. Mo wá ilẹ̀ mìíràn, mo sì dúró de òjò ọdún kejì.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó tú u, nígbà tí igbó ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí igbó a máa sọ̀rọ̀. Ibi tí ewé Akíntọ́lá bá ti ga tí ó sì ṣù bolẹ̀ kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ibi tí ẹ̀kan ti gbà. (Orúkọ tí wọ́n sọ ewé yẹn kì í dùn mọ́ àwọn àgbà ìlú wa nínú, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀.) Bi onílẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, bóyá àwọn Fúlàní so màlúù mọ́lẹ̀ níbẹ̀ rí, ibi tí wọ́n ti jó èédú, àti ibi tí ọ̀gán wà kí wọ́n tó wó o. Wo abẹ́ igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú àti igi ẹ̀mí pẹ̀lú, torí ilẹ̀ abẹ́ wọn sábà máa ń sàn ju ti ìta lọ. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, jẹ́ kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dábùú gẹ̀rẹ́ náà, kí ọ̀wọ́ kan wà lókè níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, kí òmíràn wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń pẹ́. Má jẹ́ kí ọ̀wọ́ kan náà gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bu ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti ojú ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15. Mo mọ̀ pé owó àyẹ̀wò kì í ṣe kékeré. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yẹ kíkan ilẹ̀ àti kábọ́ọ̀nù nìkan wò fún gbogbo púlọ́ọ̀tì, mo sì ṣe àyẹ̀wò kíkún fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ààtàn bá wà níbẹ̀, méjì yẹn ti tó láti tú u fó. Fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ara bébà tí o fi sínú ọ̀rá, torí yíǹkì a máa ṣí bí ilẹ̀ bá tutù. Sá ilẹ̀ tí o bù náà sí abẹ́ òjìji, má sá a sí oòrùn, má sì sá a sí ẹ̀gbẹ́ àpò ìgbẹ́ adìẹ.

Ohun kan ṣì kù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún dá mi padà. Ilé àyẹ̀wò kan ni mo gbé ilẹ̀ lọ kí n tó gbìn, òmíràn ni mo gbé e lọ lẹ́yìn ìkórè, nítorí ti àkọ́kọ́ ń fi mí falẹ̀. Èsì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, àní nínú púlọ́ọ̀tì tí a kò fi nǹkan kan sí. Mo ti ń gbìyànjú láti kọ àlàyé lé e lórí kí n tó fojú sí i dáadáa pé kábọ́ọ̀nù ni àwọn ti àkọ́kọ́ kọ, nígbà tí ti ìkejì kọ gbogbo èròjà jíjẹrà inú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń rí nípa fífi 1.724 sọ kábọ́ọ̀nù di púpọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà Walkley àti Black ti 1934 tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń lò láti wọn kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ kì í jó gbogbo kábọ́ọ̀nù tán, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ń mú. Àwọn kan ń fi 1.33 tún un ṣe, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í kọ ọ́ sínú èsì àfi bí o bá béèrè. Ohun tí ó yọ mí ni pé mo tọ́jú àbọ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ike abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì kó tàtijọ́ àti tuntun lọ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí o bá ti rí ilẹ̀, ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí o kọ gbogbo ohun tí onílẹ̀ bá sọ sí ibi tí ó fọwọ́ tọ́ka sí, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó pe onítirakítọ̀. Lẹ́yìn èyí la ó wá sọ ti irúgbìn.