Ta ló ni Bet9ja, ọdún wo ni wọ́n sì dá a sílẹ̀?

Kúnlé Soname àti Ayọ̀ Ojúróyè ló dá Bet9ja sílẹ̀ ní ọdún 2013. KC Gaming Networks Limited ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Bet9ja ni orúkọ tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ fáwọn ará ìlú, "9ja" inú rẹ̀ sì ni Náíjà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta á, àmọ́ àwọn ajẹ́ńtì tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wà pẹ̀lú wọn.

Soname ti ṣe alága ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsí-Ìṣẹrí ní Èkó rí. Òun ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tó gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ní 2015, ó ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Feirense, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Pọtogí. Ẹ má ṣe da nǹkan wọ̀nyí pọ̀ o: òun fúnra rẹ̀ ló ra Feirense, kì í ṣe Bet9ja.

Ní ti ìwé-àṣẹ láti máa ta tẹ́tẹ́, ìpínlẹ̀ ló ń fúnni báyìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti 2005, ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Abuja nìkan ni ìdájọ́ yẹn yọ sílẹ̀.