Ẹ má gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin tó wà ní SS2 ń gba gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ láìsí àṣìṣe, àmọ́ tó bá dé yàrá ìdánwò, bí ẹni tí kò kàwé rí ló máa ń rí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ gba fóònù rẹ̀ títí á fi ṣe WAEC tán. Iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ ní lẹ́sìn ni mò ń ṣe níbí l'Abẹ́òkúta, mátíìsì àti físíìsì ni mo ń kọ́ wọn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Irú ọmọ yín ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi báyìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo máa ń rí. Ọmọ kan mú ìwé wá bá mi, x² − 5x + 6 = 0 ló ṣe síbẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ìlà kan ò sọnù: (x − 2)(x − 3), x jẹ́ 2 tàbí 3. Ó gbà á. Mo mú bírò, mo yí àmì kan ṣoṣo padà, 6 di −6, mo ní kó ṣe ìyẹn náà. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí àpò ṣòkòtò. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó ya fọ́tò ìbéèrè, áàpù bá a ṣe é, ó kà á, ó sì yé e bó ṣe ń kà á. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí nǹkan yéni nígbà tí ẹlòmíì ń ṣe é yàtọ̀ pátápátá sí kéèyàn lè dá a ṣe. Kò tíì jókòó rí kó wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé téèyàn bá sọ wọ́n di púpọ̀ á jẹ́ −6, téèyàn bá ro wọ́n pọ̀ á jẹ́ −5. Ó yẹ kó dán 2 àti −3 wò kó má bá a mu, kó dán 3 àti −2 wò kó má bá a mu, kó tó kan −6 àti 1. Àwọn àṣìṣe wọ̀nyẹn ni áàpù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ìbá kọ́ ọ.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aládìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, á mọ ohun tí mò ń sọ. Fídíò àdìrẹ ẹlẹ́kọ kún orí YouTube, wọ́n á fi hàn ẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ. Àmọ́ bí ẹ̀kọ láfún yẹn bá ṣàn jù, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kó ki tó, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá náà ti wádìí ẹ̀. Ní 2006, Roediger àti Karpicke l'Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kan. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló wá rántí jù. Ní 2011, Betsy Sparrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà rí i pé àwọn tó gbà pé kọ̀ǹpútà máa bá wọn tọ́jú ohun tí wọ́n tẹ̀ kì í rántí rẹ̀ tó àwọn tí wọ́n sọ fún pé ó máa pa á rẹ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ yín nìyẹn? Lálẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ó mọ̀ ọ́n. Kí ìdánwò tó dé, ó ti lọ.

Mo ti rí òbí tó ti fóònù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tọ́mọ sì ń lo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ tó wà nínú ẹ̀ dáa. Abẹ́òkúta yìí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ní 1859, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, èmi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé ká padà sáyé ìgbà yẹn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yí padà ni èyí tó ń kọ́kọ́ dé, bóyá ìrònú ni àbí ìdáhùn.

Lọ́dọ̀ tèmi, orí tábìlì mi ni fóònù máa ń wà. Ọmọ á fi bírò kọ ohun tó mọ̀, ì báà má tọ̀nà. Ìgbà tó bá há, tó sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó há sí fún mi, ó lè lọ mú fóònù, àmọ́ ibẹ̀ nìkan ló máa wò. Lẹ́yìn náà á gbé e sílẹ̀, á tún gbogbo ẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀ láìwo nǹkan kan. Wọ́n máa ń bínú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń sunkún. Ẹ má torí ìyẹn yẹ̀ ẹ́.

Ní ti ChatGPT tẹ́ ẹ tún béèrè, áàpù tó ń dá èèyàn lóhùn bí ẹni ń bá a sọ̀rọ̀, ó lè ṣi nǹkan sọ bí ẹni tó dá a lójú, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ò sì ní mọ̀. Kó máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Má fún mi ní ìdáhùn. Máa bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o sì dúró kí n dáhùn." Tọ́wọ́ yín bá dilẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ lónìí fún yín. Kò pọn dandan kẹ́yin mọ mátíìsì. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni kó lọ tún kà kó tó sùn.