Èsì: Ìpìlẹ̀ ògiri kékeré inú ọgbà

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè to ògiri bíríkì ẹsẹ̀ bàtà 3 lé ilẹ̀ lásán. Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 18, tó sì jìn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń rí ilẹ̀ dúdú tàbí gbòǹgbò, ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ; ilẹ̀ yẹn á rì, ògiri á sì lanu. Kọnkéré tó nípọn ní ínǹṣì 6 ló kàn nínú kòtò náà: òṣùwọ̀n símẹ́ǹtì 1, yanrìn 3, òkúta wẹ́wẹ́ 6. Ẹ má bu omi jù nígbà tí ẹ bá ń pò ó, òun ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó to bíríkì. Ilẹ̀ amọ̀ ló léwu jù: ó ń wú lójò, ó ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Níbẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀.