Ìbéèrè Òǹkàwé: Gọ́fánọ̀ tó fún wa ní MW, tó tún gbà á padà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ṣe àwòṣe tọ́báìnì gáàsì 100 MW (mẹ́gáwáàtì, ìwọ̀n agbára iná) sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú GGOV1, ìyẹn àwòṣe tọ́báìnì àti gọ́fánọ̀ tó ń ṣàkóso eré rẹ̀. Mo fi droop, ìyẹn ìwọ̀n tí fírìkúẹ́ńsì máa yí kí gọ́fánọ̀ tó yí odindi agbára ẹ̀rọ, sí 5%. Nígbà tí fírìkúẹ́ńsì já sí 49.5 Hz tó sì dúró síbẹ̀, ẹ̀rọ inú àwòṣe fi 20 MW kún un, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àkọsílẹ̀ ibùdó amúnáwá ní tiẹ̀ fi hàn pé MW gòkè, ó sì padà síbi tó wà. Níbo ni mo ti ṣì í?
— Akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìṣirò yín pé. 0.5 Hz tó já jẹ́ 1% nínú 50 Hz tó yẹ kí gírídì wà; tí a bá fi 5% pín in, ìdá kan nínú márùn-ún agbára ẹ̀rọ ni, ìyẹn 20 MW. Ṣùgbọ́n gọ́fánọ̀ nìkan kọ́ ló ń pàṣẹ fún gáàsì. Kọntiróólà lóòdù wà lókè rẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ sì ni kí MW má kúrò ní iye tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní yàrá ìdarí. Ohun tí gọ́fánọ̀ bá fi kún un, yóò máa rọra yọ ọ́ kúrò. Kimw ló dúró fún un nínú GGOV1. Bó bá wà ní 0, kò ṣiṣẹ́ rárá. Àfàìmọ̀ kí tiyín má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 0.01 bẹ̀rẹ̀, tó túmọ̀ sí nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà MW náà dáadáa o. Bó bá rọra ń wálẹ̀, Kimw ni. Bó bá gòkè díẹ̀ tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ, ooru èéfín ló dí i lọ́nà: Ldref, ìyẹn òpin agbára tí ooru náà fàyè gbà nínú àwòṣe, ni kí ẹ tún ṣe. MW ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tiẹ̀ lè dín kù, torí pé bí eré ẹ̀rọ náà ṣe ń dínkù, afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń fà náà ń dínkù.

Ẹ má wulẹ̀ kọ́ odindi gírídì nítorí ẹ̀rọ kan. Fírìkúẹ́ńsì tí ibùdó gbà sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi bọ́ gọ́fánọ̀ inú àwòṣe, kí ẹ wá gbé MW méjèèjì lé ara wọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan.

Tó bá kan ẹ̀rọ olómi bíi ti Kainji tàbí Shiroro, HYGOV, àwòṣe gọ́fánọ̀ àti tọ́báìnì omi, ni kí ẹ lò. Níbẹ̀, bí ìlẹ̀kùn omi bá ṣe ń ṣí, MW á kọ́kọ́ já díẹ̀ kó tó gòkè, torí pé omi inú páìpù kì í sáré lójijì. Bí tiyín bá gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yẹ Tw wò, ìyẹn iye àkókò tí omi inú páìpù ń gbà kó tó sáré.