Ṣé ká ta ilẹ̀ Ìkòròdú torí owó yunifásítì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Birmingham là ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìlera (kíà) ni mò ń ṣe, ọkọ mi ń wa takisí, a sì ti gba ìwé ìgbélùú. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé mẹ́tàdínlógún. Kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kà, ọdún mẹ́ta gbáko, £9,535 sì ni owó ọdún kan ní sáà 2025/26. Ọkọ mi ní ká ta ilẹ̀ wa ní Ìkòròdú, pé ọmọ òun ò ní jẹ gbèsè. Àbúrò mi ní Súrùlérè ní ká kúkú mú un wálé, kó wá kàwé ní Yunifásítì Èkó, Akọka. Ọmọ fúnra rẹ̀ ń bi mí pé kí lòun fẹ́ fi ìwé ọ̀hún ṣe nígbà tí AI ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Oorun ò kun ojú mi mọ́.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. London lèmi ń gbé, ṣùgbọ́n Yábàá ni mo ti ń kọ èyí, mo wá wo ìyá mi.

Ẹ má ta ilẹ̀ kankan. Gbèsè sogúndogójì ni bàbá wọn ń rò, èyí tí wọ́n á wá dógò tini lẹ́nu ọ̀nà. Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yáwó tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe tiyín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2023, ó dìgbà tí owó rẹ̀ bá ju £25,000 lọ lọ́dún kó tó máa san, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lé sì ni. Bó bá ń gba £30,000, £450 ni lọ́dún, kò tó £38 lóṣù. Bíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀. Tó bá pé 40 ọdún lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í san, wọ́n á fa ìyókù rẹ́. Èlé wà lórí rẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Oúnjẹ àti ilé gbígbé ni kẹ́ ẹ fowó tiyín gbọ́. Bó bá rí yunifásítì ní Birmingham, ẹ jẹ́ kó máa ti ilé lọ.

Akọka ni mo ti jáde, mi ò ní bú ilé ìwé mi. Owó wọn kéré lójú ẹni tó ń gba pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ní 2022, oṣù mẹ́jọ làwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì. Ọmọ tí kò gbé Èkó rí, tẹ́ ẹ bá kó o wá torí owó nìkan, á fura.

Ọ̀rọ̀ AI ló ká mi lára. Lánàá, mo rí ìyá tó bá mi tẹ iṣẹ́ ìwádìí mi ní 1998, nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Táípúráítà ló fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé, ó ra kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ní láptọ́ọ̀pù tiwọn, ó sọ ṣọ́ọ̀bù di kafé. Íntánẹ́ẹ̀tì wọnú fóònù, kafé kú. P.O.S. ló ń ṣe báyìí. Mo ní ṣé kò sú u. Ó ní, “Ọ̀gá, àwọn ọmọ yìí ò ní yé wá. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni màá tà.”

Mo fóònù ọmọbìnrin mi, mo sọ ọ́ fún un. Kò wú u lórí rárá. Ohun tó wú òun lórí ni iṣẹ́ kíkọ́ téèyàn fi ń gboyè yunifásítì (degree apprenticeship), tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyàwó mi fẹ́ bá mi jà. Ó rò pé mo fẹ́ kí ọmọ lọ máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ títí dọjọ́ fíríìdọ̀mù. Èyí yàtọ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti ìjọba ló ń gbọ́ owó yunifásítì, ọ̀gá tún ń san owó oṣù fún ọmọ. Àyè rẹ̀ ò pọ̀ ni ìṣòro. Ibi mọ́kànlá lọmọ mi kọ̀wé sí, ẹyọ kan ló gbà á. Nítorí náà, kí tiyín kọ̀wé síbẹ̀, kó sì kọ ti yunifásítì pẹ̀lú kí gbèdéke oṣù kìíní tó kọjá.

Ilẹ̀ Ìkòròdú yẹn, ẹ ní kí àbúrò yín lọ wò ó lọ́sẹ̀ yìí, kó rí i bóyá ọmọ onílẹ̀ ò tíì tún un tà.